Àbẹ́là Lórí Ojú Òpó Àwọn Òkú

Jaro, Ìlú Iloilo,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá.

Jovit, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Marivic ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ inú rẹ̀ tí a kò tíì mọ orúkọ tí yóò jẹ́. Mo nírètí pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti ń fúyẹ́, àti pé òjò Miagao kò tíì wọ yàrá tí òfì olóògbé Nanay, ìyá wa, wà. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ.

O ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bernabe fẹ́ ra orúkọ ojú òpó orí ayélujára tí Nanay fi kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ híhun fún ọdún mọ́kànlá, èyí tí àsìkò rẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. O ní ó ṣèlérí pé àwòrán Nanay yóò wà níbẹ̀, pé líǹkì díẹ̀ ni àwọn kàn fẹ́ fi sí i. O wá bi mí pé, “Manang, kí ló burú níbẹ̀? Nanay ò kúkú lò ó mọ́.” Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn mi. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó fèsì fún un.

Líǹkì ni ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ lórí ojú òpó kan, tí yóò gbé wa lọ sí òmíràn. Ẹ̀rọ ìṣàwárí, èyí tí gbogbo wa ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ayélujára, ka líǹkì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rí. Bí Nanay bá tọ́ka sí aláró kan ní Oton, ẹ̀rọ náà á gbà pé ahunṣọ tó mọṣẹ́ ti jẹ́rìí sí aláró yẹn, á sì gbé e síwájú. Líǹkì tí a rà ni ẹ̀rí tí a fi owó tàbí ẹ̀bùn gbà, tí a wá gbé kalẹ̀ bí ẹni pé inú ẹlẹ́rìí ló ti wá. Ìpolówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Àmì kan wà tí a lè fi sí ara líǹkì, tí yóò sọ fún ẹ̀rọ pé owó ló gbé e síbẹ̀. Bí àmì náà bá ti wà, kò sí ìjà. Owó tí a fi pamọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣọ́.

O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ kan ní Mandurriao. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé orúkọ ojú òpó àwọn tó ti kú ni a ń rà. Ẹni tó bá ti kọ òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti jẹ́rìí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ á sì ti fọkàn tán an. Bí ó bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sọ orúkọ náà dọ̀tun, orúkọ á bọ́ sọ́jà. A ó rà á, a ó kó àwọn ojú ewé àtijọ́ padà síbẹ̀, a ó jẹ́ kí àwòrán òkú wà, a ó sì máa kọ tuntun ní orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú líǹkì ilé tẹ́tẹ́ láàárín. Ogóje ni wọ́n. Amador tó jókòó tì mí ló sọ wọ́n ní “Itẹ́ Òkú.”

Bí a ṣe ń sọ “tabi po” tí a bá ń kọjá lábẹ́ igi balete, kí àwọn tí a kò rí lè yọ̀ǹda ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń sọ ọ́ kí a tó ṣí ojú òpó kọ̀ọ̀kan. Amador á ní, “Tabi po, Lolo, bàbá àgbà, ẹ má bínú, ọ̀gá ló rán wa níṣẹ́.” Èmi á ní, “Ìwọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbá létí o, èmi ò mọ nǹkan kan.” A ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.

Èmi ni wọ́n fún ní Lola Visitacion, ìyá àgbà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí láti Guimaras tó ti kọ̀wé nípa ìtọ́jú ọmọ títí ó fi kú. Mo ka gbogbo ìwé rẹ̀ títí mo fi mọ ẹnu rẹ̀ lò. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń parí sí “Ẹ gbé ọmọ náà mọ́ àyà.” Èmi náà ń parí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan kọ̀wé láti Antique pé, “Lola, wọ́n ní ẹ ti kú! Mo sunkún nígbà tí mo rí ìwé yín tuntun. Ọmọ tí ẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ti wọ iléèwé.” Mo dá a lóhùn, Jovit. Mo ní, “Mo wà níbí, ọmọ mi.”

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ Consorcia, ọmọ Lola. Kò gùn. “Ìyá mi ti kú láti ọdún méjì. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Ta ló ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀?” Mo gbé e lọ bá Màdáàmù Herminia, ọ̀gá wa. Ó ní, “Pa á rẹ́ jàre. Òkú kì í peni lẹ́jọ́.”

N kò lè sùn dáadáa mọ́. Nígbà tí Undas, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, dé, tí gbogbo ìlú ń gbé àbẹ́là lọ sí ibojì, mo ya àwòrán àbẹ́là kékeré kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láàárín wákàtí kan, mo fi í sí ìsàlẹ̀ ojú òpó ogóje náà, mo sì gbàdúrà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Amador wò mí, ó ní, “Ó kù kí o gbé ibos síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n rí nǹkan jẹ.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ fi mú wa. Ẹ̀rọ kì í sọ gbogbo ohun tó rí, nítorí náà n kò lè búra, ṣùgbọ́n mo fi oṣù mẹ́ta yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun ìfura ti wà tẹ́lẹ̀. Kí ni agbẹ̀bí ń wá nílé tẹ́tẹ́? Kí ló dé tí ogójì ojú òpó fi tọ́ka sí ilé kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà? Ṣùgbọ́n ohun ìfura wọ̀nyẹn fọ́n káàkiri. Àwòrán kan ṣoṣo, tó dé ojú òpó ogóje ní wákàtí kan náà, dà bí okùn kan tí a fi so ẹsẹ̀ ogóje adìẹ. Àbẹ́là tí mo tàn fún wọn ni mo rò pé ó fi wá hàn.

Ìyà náà kò ní ariwo. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ra líǹkì, ẹ̀rọ kàn dẹ́kun kíka ẹ̀rí náà ni. Wọ́n padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan gba ìwé ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò, a sì wá ojú òpó rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n àwọn òkú ni ìyà náà dùn jù. Ẹ̀rọ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kúrò, tòótọ́ pẹ̀lú irọ́.

Consorcia fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ọ́fíìsì wa. Ó di agboòrùn tó tutù mú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń tẹ orúkọ ìyá mi sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n lè rí ojú wọn. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ọjọ́ tí wọ́n bí mi nìkan ni mo fẹ́.” Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Mo wá sọ pé èmi ni mo ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ mọ ohùn wọn lò o. Èmi tí mo sin wọ́n, mo gbà á gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.”

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti rí i pé orúkọ ojú òpó Lola padà sọ́wọ́ Consorcia. Mo yọ àwọn líǹkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ ẹ̀rọ, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Oṣù méje kọjá kí wọ́n tó gbé ìyà náà kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti jẹ́rìí Lola tẹ́lẹ̀ ti yọ ẹ̀rí wọn nígbà tí wọ́n rí ilé tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kò sì mú un padà. Títí dòní, èmi náà ń tẹ orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Ojú ewé kẹrin nínú èsì ẹ̀rọ ló wà. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ “Mo wà níbí, ọmọ mi,” ohùn ara mi sì ni.

Nítorí náà, nígbà tí Bernabe ní àwòrán Nanay yóò wà, mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹnì kan bí èmi yóò jókòó, yóò kọ́ bí Nanay ṣe ń sọ pé “Ẹ má fa òwú tó ń bínú,” yóò sì mọ̀ ọ́n sọ. Lọ́jọ́ kan ìwọ fúnra rẹ yóò kà á, ọkàn rẹ á sì fò sókè. Ìṣẹ́jú tí yóò tẹ̀ lé e ni n kò fẹ́ kí o rí.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ le. Kí Marivic sọ̀ ní wẹ́rẹ́, kí ọmọ náà mọ ìyá bàbá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbé ọ pọ̀n nídìí òfì Nanay,
Manang Florencia.

Mo tún rántí: ìwé ìránnilétí pé orúkọ náà ń parí lọ, inú àpótí ímeèlì Nanay ló ń wọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń kà á. Kí o tó jẹun lónìí, lo ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù tó wà nínú àpótí òwú wọn, ọ̀rọ̀ ìwọlé wà lójú ewé tó kẹ́yìn. Fi ímeèlì tìrẹ rọ́pò tiwọn, sọ orúkọ náà dọ̀tun fún ọdún mẹ́wàá, kí o sì tẹ ibi tí wọ́n kọ pé kí ẹnikẹ́ni má lè gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, kọ “Rárá” sí Bernabe. Ní ti àbẹ́là, orí ibojì ni kí o ti tàn án.