Ààyè Ẹgbẹ́ Alágbàfọ̀ Tí Onígbọ̀wọ́ Gbé Lọ

Ẹgbẹ́ Alágbàfọ̀,
Yàrá Ìfọṣọ, Ilé-Ìwòsàn Ìjọba,
Lẹ́yìn Ilé Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso Eré Sọ́fítíbọ́ọ̀lù,
Àjà Kejì, Ilé Eré Ìdárayá.

Ẹ̀yin Alága wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÀÀYÈ ÌPELE KÌÍNÍ PADÀ FÚN ÀWỌN TÓ GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ DÉBẸ̀

Èmi ni balógun Ẹgbẹ́ Alágbàfọ̀. Iṣẹ́ ìfọṣọ ni mo ń ṣe ní ilé-ìwòsàn, èmi àti púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Orí koríko tí a ń sá aṣọ ibùsùn sí ni a ti kọ́ eré yìí, tí a ń sáré láàárín okùn aṣọ. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni ajùbọ́ọ̀lù wa. Èmi ni mo ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú, tí mo ń hán bọ́ọ̀lù tí àbúrò mi bá jù. Owó tí a ń dá láàárín ara wa la fi ń ra bọ́ọ̀lù. Ìpele kẹrin la ti bẹ̀rẹ̀, a sì dé ìpele kìíní láìsí ẹni tó pọ̀n wá débẹ̀.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni ojú wa tó là. Ìpele kìíní kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tó ń dáwó jọ: ọkọ̀ ni, ilé ìtura ni, ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú ni. Níbẹ̀ ni oníṣòwò páànù ìkọ́lé kan ti rí ọwọ́ àbúrò mi, ó sì ní òun yóò ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Bàbá Páànù la ń pè é. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ra aṣọ, ó ra bàtà, ó gba ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì yín, akọ̀wé ní òfin sọ pé ẹni tó ń náwó ni kí a kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ẹgbẹ́. A pàtẹ́wọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa tilẹ̀ gbàdúrà fún un pé kí páànù rẹ̀ má jò láé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Aṣọ tuntun ni àwa ń wò lọ́jọ́ náà.

Òfin yín sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó oṣù nítorí eré yìí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Bàbá Páànù mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta wá láti ọ̀nà jíjìn, ó kọ wọ́n sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Nígbà tí sáà fẹ́ parí, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. N kò bú wọn. Ọmọ ni wọ́n ń bọ́, wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ń sá aṣọ di ará orí bẹ́ǹṣì. A mú un mọ́ra. A ní bí eré ńlá ṣe rí nìyẹn.

Ní òpin sáà tó kọjá, a pàdánù eré tí ì bá gbé wa dé àṣekágbá. Bàbá Páànù ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí a tó bọ́ bàtà. Kò pẹ́ tó fi rán awakọ̀ rẹ̀ wá gba aṣọ padà. Ẹ̀yin Alága wa, àwa kò mọ bí a ṣe ń dá aṣọ ìdọ̀tí padà fún ènìyàn. A fọ gbogbo rẹ̀, a fi sítáàṣì sí i, a lọ̀ ọ́, a ká a kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè wà lókè, a sì bá awakọ̀ gbé e sínú ọkọ̀. A rò pé aṣọ nìkan ló ń gbé lọ.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé, pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ni ààyè ìpele kìíní, pé ó sì ti gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú mìíràn. Bí a bá ṣì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí a lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kẹrin. Mo wá sí ọ́fíìsì yín, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ife-ẹ̀yẹ. Akọ̀wé yín kò yájú sí mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Onígbọ̀wọ́ ló ni ààyè. Ẹ lọ wá onígbọ̀wọ́ mìíràn.” Mo lọ. Oníbúrẹ́dì, oníkẹ́míìsì, ọ̀gá ilé epo: ìpele tí a wà ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kọ́kọ́ bèèrè. Nígbà tí mo dáhùn, wọ́n ní kí n padà wá tí a bá ti gòkè. A kò rí onígbọ̀wọ́ nítorí pé a kò ní ààyè, a kò sì rí ààyè nítorí pé a kò ní onígbọ̀wọ́. Ó ti sú mi.

Àbúrò mi ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo ń fi yìnyín sí èjìká rẹ̀. Dókítà kan tí a ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé èjìká náà lè gbé sáà kan sí i, bóyá méjì. Kò lè gbé iye ọdún tí a ó fi gòkè láti ìpele kẹrin. Bàbá Páànù sì ti ránṣẹ́ sí i, òun nìkan ṣoṣo, pé kí ó wá máa jùbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tuntun náà. Bí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ fèsì. Bí ó bá lọ, ẹgbẹ́ wa ti kú nìyẹn. Bí kò bá lọ, ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un yóò parí sídìí okùn aṣọ. Ó ti bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe?” Mo dìde, mo lọ bu yìnyín wá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún òfin yìí wò, kí ààyè jẹ́ ti àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀, kí onígbọ̀wọ́ tó bá fẹ́ lọ sì máa kó owó rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹ ṣe é fún wa ní sáà kan yìí péré. Mo mọ̀ pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni ọ́fíìsì yín ń gbóhùn rẹ̀, ìrètí mi kò sì pọ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí àbúrò mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó máa lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́.

Ẹ ṣé tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí yín,

Balógun,
Ẹgbẹ́ Alágbàfọ̀.