Bàbá Mi, Nípa Jíìpù Àlòkù Tí Mo Háyà

Kalamazoo, Michigan,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ kí ọmọ fi kí bàbá rẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ilé tó móoru, kí òtútù Flint má sì fojú orúnkún ọ̀tún yín rí màbo lọ́dún yìí. Ní tiwa níbí, ara èmi àti ọkọ mi le dáadáa. Ọkọ mi! Bàbá, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò tíì sú mi í pè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ayọ̀, torí ohun tó tẹ̀lé e kò ṣe é fi ẹ̀rín sọ. Inú mi ń dùn débi pé bí mo bá jí, òrùka mi ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn kí n tó la ojú. Thaddeus á ti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ dé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ìyẹ̀fun á kún irùngbọ̀n rẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, èyí tó jóná díẹ̀ ni mo mú wá fún ọ o, òun ló dùn jù." Irọ́ ni, èyí tí wọn ò rí tà ni. Ṣùgbọ́n a óò jókòó sórí ilẹ̀ nítorí pé a ò tíì ní àga, a óò fi bọ́tà sí i, a óò máa rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin tó ń gbé lókè wa á fi máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ mọ́ wa lórí. Mi ò mọ̀ pé bí ìgbéyàwó ṣe ń dùn nìyí.

Bàbá, ní báyìí, ọ̀rọ̀ jíìpù yẹn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, mo sì ti ya ìwé méjì dànù kí n tó kọ èyí.

Ẹ rántí pé ní oṣù kẹjọ, ẹ pè mí sídìí tábìlì ìdáná, ẹ fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Nọ́ńbà ẹ̀dínwó tí fákítọ̀rì ọkọ̀ máa ń fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wọn tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ni, kí ọmọ yín lè fi gba ọkọ̀ tuntun. Ní àdúgbò wa, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìgba nọ́ńbà bàbá rẹ̀ dání. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Verlene gba tirẹ̀, ẹkún ló sun. Ẹ sọ fún mi pé, "Ozella, háyà èyí tó kéré, èyí tó tuntun. Lò ó fún ọdún mẹ́ta, dá a padà fún wọn, kí o gba òmíràn. Má jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ débi tó máa fi mọ orúkọ rẹ." Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo fẹnu kò yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, mo ń sọ pé irú ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tó wà níwájú gbogbo ilé ní òpópónà wa ni ẹ tún fẹ́ kí èmi náà máa gbé kiri. Mo fẹ́ dé ibi ìgbéyàwó mi bí ẹni ńlá.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà tó pé ni mo rí i lọ́dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀ kan níbí. Jíìpù Jámánì dúdú, awọ ni gbogbo ìjókòó rẹ̀, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, ìjókòó náà ń gbóná fúnra rẹ̀ bí búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọkùnrin tó ń ṣòwò níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gentry, ní, "Ìyàwó tuntun! Ta ló ní kí ẹ rà á? Ẹ háyà ẹ̀ fún ọdún méjì péré. Ohun tí ẹ máa san lóṣù ò ju ti ọkọ̀ kékeré tuntun lọ, ẹ ó sì máa jókòó bí ayaba." Mo bi í bóyá rédíò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá wọ́n lè so òdòdó mọ́ iwájú rẹ̀. Mi ò bi í pé bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe. Bàbá, ọmọ Flint ni mí. Láti kékeré, ọkọ̀ tuntun nìkan ni mo rí tí wọ́n ń háyà. Bí ó bá wúkọ́ lásán, ẹ ó gbé e padà, wọ́n á bu kọfí fún yín, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi rò pé ohun tí à ń pè ní háyà gan-an nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé torí pé ọkọ̀ náà tuntun ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo buwọ́ lùwé, inú mi dùn, mi ò sọ fún Thaddeus pàápàá. Nígbà tí ẹ bi mí bóyá mo ti lo nọ́ńbà yín, mo ní, "Àwọ̀ ni mo ṣì ń yàn, Bàbá." Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ẹ̀yin ni ẹ gba gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún wa. Mo mọ̀ pé pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tó sọ pé ọkọ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló tò ó kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Ṣùgbọ́n mo rò pé ti ìyàwó á yàtọ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Baba Hatcher tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jáde nínú ẹ̀wù òjò, ó wo ọkọ̀ náà, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ Roscoe, mo fẹ́ràn rẹ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún ọ, mo jẹ kéèkì ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ni wọ́n pè, wọn ò pe jíìpù. Gbé e lọ sí òdìkejì títì, níwájú oníṣòwò táyà." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kàn ń mi orí.

Bí mo ṣe sọdá títì nìyẹn nínú aṣọ ìyàwó funfun, ẹrẹ̀ ń ta sí mi lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dúró lójú fèrèsé, àwo ẹja àrọ̀ díndín lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Roscoe, ṣé ọmọ tìẹ nìyí, àbí ti àwọn ará Jámánì?" Ẹ jáde sí mi pẹ̀lú agbòòrùn. Tòun ti orúnkún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ìdí aṣọ mi kúrò nínú omi. Ìtìjú mú mi, mo sì ń wá ẹni tí n ó bù jẹ. Verlene dúró lẹ́yìn yín. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo sọ fún un láti orí èjìká yín pé, "Ọgbọ̀n ọdún ló fi so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kò jókòó nínú èyí tó dáa rí. Òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wá ń dójú tì mí lónìí."

Ẹ ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, pé kòtò omi kan wà níwájú. Ẹ mú mi wọlé, ẹ bá mi jó. Mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ariwo irin fákítọ̀rì ti gba etí yín, ẹ ò gbọ́. Bàbá mi, etí tí ẹ fi bọ́ mi ni mo fi ṣe ibi ìsápamọ́ sí.

Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti Thaddeus forí lé àríwá láti lọ ṣe ìsinmi ìgbéyàwó wa létí adágún. Ní Grayling, a yà sí ilé epo kan láti ra ẹ̀pà. Ìgbà tí a padà jáde, ìdí jíìpù ti wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Thaddeus ní, "Ozella, àdúrà ló ń gbà o. Jẹ́ kó ṣe àmín ná." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní kó má ṣèyọnu, ṣebí háyà ni, wọ́n á wá gbé e. Mo tẹ Ọ̀gbẹ́ni Gentry láago. Ó ní, "Ẹ kú oríire ìgbéyàwó, Màdáámù. Ẹ wo ojú ìwé kẹrin. Ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe títí ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà, pípé sì ni mo fẹ́ gbà á."

Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan ni, epo dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní ṣọ́ọ̀kì tó ń lo afẹ́fẹ́ ló ti bẹ́, méjì ti ẹ̀yìn, pé méjì ti iwájú náà ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní, "Ta ló ni ọkọ̀?" Mo ní háyà ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Háyà? Ògbólógbòó ọkọ̀ yìí? Ọmọ mi, ẹni tó ra àlòkù, tirẹ̀ ló ń tún ṣe. Ẹni tó háyà tuntun ò tún nǹkan kan ṣe. Ìwọ wá lọ ń kun ilé onílé lọ́dà." Bàbá, láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí mi ò bi Ọ̀gbẹ́ni Gentry, kò sẹ́ni tó tún lè fi ayaba tàn mí.

Owó ìsinmi wa wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn tán. Ilé ìtura kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà ni a sùn sí fún ọjọ́ mẹ́rin, yìnyín ń bọ́ níta, ẹ̀pà tí a rà ni oúnjẹ wa, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì gbádùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Thaddeus ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ni Bàbá sọ nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ yìí?"

Verlene wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bí mo ṣe ń ròyìn fún un, mo ní, "Ó kúkú dáa pé Bàbá ò gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn." Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé orí rẹ pé ṣá? Ta ló sọ fún ọ pé Bàbá nílò etí? Níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kí lo rò pé wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ètè ni wọ́n ń kà, Ozella. Ojú rẹ ni wọ́n ń wò. Mo rí wọn tí wọ́n ń wò ó. Wọ́n rí gbogbo ẹ̀ títí dórí èyí tó kẹ́yìn." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ti bẹ̀ yín fún nọ́ńbà yẹn ní oṣù keje nítorí ọkọ̀ òun ti ń kú lọ, ẹ sì ní rárá, ti Ozella ni. Àsìkò nọ́ńbà náà ti kọjá, ó kú sínú àpótí mi ní ìparí oṣù kẹwàá.

Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa ń yí ojú sí mi pátápátá, ẹ kì í wo ibòmíràn. Mo rò pé ìfẹ́ lásán ni. Ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ yẹn sí lójú, ó sì tún kìlọ̀ kòtò omi fún mi.

A ti dá jíìpù náà padà lánàá. Ọ̀gbẹ́ni Gentry yí i po pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń wá eégbọn lára màlúù, ohun tó kù tí a máa san ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tiwa nìyẹn, mi ò kọ̀wé nítorí rẹ̀. Mi ò tọrọ nọ́ńbà mìíràn pẹ̀lú. Bó bá tún kù kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Verlene.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti Thaddeus yóò wọ bọ́ọ̀sì wá sí Flint. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ẹnu ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀ yín, níwájú yín, níbi tí ẹ ti lè rí i. Mo mọ̀ yín, ẹ óò fẹ́ sọ pé, "Kò sí nǹkan, ọmọ mi," ẹ óò sì bèèrè bóyá a ti jẹun. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ nǹkan. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n rí i, kí n mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ó fún yín ní ìgbà òtútù tó fúyẹ́, oorun tó dùn, àti ọmọ-ọmọ tí yóò mọ bí a ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí yín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tí ayọ̀ àti ìtìjú kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́,

Ozella Tolliver Minnifield.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Delphine, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, tẹ̀ mí láago. Ọ̀gbẹ́ni Gentry ti fọ jíìpù náà, ó ti fi hàn án láàárọ̀ yìí. Háyà ọlọ́dún méjì. Delphine ní òun ń lọ buwọ́ lùwé, kí n wá bá òun yọ̀. Mo sọ ti ṣọ́ọ̀kì fún un àti ti ojú ìwé kẹrin, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín pẹ̀lú, bó ti wù kó tì mí lójú tó, torí bí mo bá yọ ìyẹn kúrò, ìtàn ọkọ̀ lásán ló kù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe bàbá mi."