Haddrill Ka Àga, Kò Ka Sáfà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Cairns lókè òkun. Sọ́fítíwia tó ń bá wa ṣe ẹ̀dà fáìlì, iye kọ̀ǹpútà la fi ń gba láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀. Haddrill, ọ̀gá wa, ka àga mẹ́rin, ó gba mẹ́rin. Mo ní, "Sáfà ńkọ́, kọ̀ǹpútà inú kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo máàpù wà nínú rẹ̀?"

Ọlọ́gbọ́n ayé rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jókòó nídìí ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi? Ọmọńlé?"

Ìjì dé, omi bo sáfà. Ẹ̀dà tó kù ò ju ti àwòrán ẹja tí ọ̀gá pa, tó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, lọ. Ó wá ní kí n sọ fáwọn oníbàárà pé ìjì ló jẹ̀bi. Bí mo bá sọ òótọ́, kí n palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n parọ́ nítorí irú orí ọ̀gá yìí, àbí kí n kúkú to àwòrán ẹja síwájú àwọn oníbàárà?