Ìlà Kejì Tó Rí Fẹ́ẹ́rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Alátè — bí mo ṣe ń pe ẹni tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé ní ilé ìtẹ̀wé wa — tẹ̀ mí láago nírọ̀lẹ́. Àyẹ̀wò ti fi kòkòrò àrùn tó ń ràn káàkiri yìí hàn lára rẹ̀. Àárọ̀ òní la jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni Màmá ń kúrò ní ọsibítù wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì yá tán. Ọ̀sẹ̀ mìíràn kò sí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo ki òwú àyẹ̀wò bọ imú, mo sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà kan ṣoṣo: kò sí àrùn! Mo pe àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó bá mi yọ̀. Ó ní ta ló gbin àgbàdo lánàá tó ń wá ọmọ rẹ̀ lónìí. Kòkòrò náà lè má tíì pọ̀ tó èyí tí àyẹ̀wò máa rí. Kí n wọ ìbòmú, kí n tún un ṣe lọ́túnla.
Ó bí mi nínú, nítorí òótọ́ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wá àṣìṣe inú ìwé. Ìgbà wo ni mo kàwé lẹ́ẹ̀kan tí n kò rí àṣìṣe, tó sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí níbẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 7
Ìlà kan. N kò yọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ọ̀fun ń yún mi. Eruku bébà ni. Àbí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ìlà kejì — fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìlà pẹ́ńsù tí wọ́n ti pa rẹ́. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo sọ fún Olóòtú (ìyàwó mi ni, kò sí gbólóhùn mi tí kì í tún ṣe) pé bóyá àrùn náà kàn kéré ni. Ó ní, “Baálé mi, ṣé oyún díẹ̀ wà?” Ó ju aṣọ ìbora sí mi: yàrá ìwé nilé mi láti òní lọ.
Ilé Nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé Màmá lọ. Màmá pè mí. Ó ní ṣé àìsàn ni àbí àwáwí, pé ẹnu ọmọ máa ń dùn nígbà tí ìyá ṣì wà ní ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ibà. Ikọ́. Olóòtú gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn, ó sá lọ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìlà tirẹ̀, ọ̀kan ni. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ni òdo. Kí n ka ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó súnmọ́ Màmá. Fún ẹlòmíràn ó lè dín. Fún ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀, rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ibà ti lọ. Kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi níbí. Mo ti ka ìwé mẹ́ta tán. Olóòtú gbé àga sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a sọ̀rọ̀ ju bí a ti ń sọ ọ́ lóṣù kan lọ.
Ìgbà náà ni ìbéèrè yìí yọjú: nígbà tí ìlà kejì hàn, ṣé n kò mí kanlẹ̀? Ọjọ́ mẹ́wàá sí i kí Màmá tó dé. Ta ni mò ń dáàbò bò gan-an?

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Màmá ní kí n kàwé fún òun, pé Nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kóun sọ gbólóhùn méjì láìki ẹ̀rọ tó ń wọn èémí bọ òun níka. Mo kà títí ó fi sùn. Èémí rẹ̀ ń lọ geere. N kò fẹ́ pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 18
Ọjọ́ kẹwàá. Ìlà kan. Nọ́ọ̀sì ní ká ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ́la, kọ́kàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Ìlà kan. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, Màmá pè. Ìlà mélòó?
Èmi nìkan ló rí i. Bí mo bá ní méjì, ọ̀sẹ̀ kan tún lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní ọ̀kan ni.
Ó ní òun rò pé màá ní méjì. “Ká ní o sọ ọ́, ǹ bá gbà á, ọmọ mi.”
Mo ní kó wọ bàtà, mò ń bọ̀. Ó ní ó ti wà lẹ́sẹ̀ òun láti àárọ̀.