Ìwé Ẹ̀rí Pé Mo Wà Láàyè

Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún, 1974
Mo tún dé báǹkì ní Yábàá. Oṣù kẹrin rèé tí pẹ́ńṣàn mi kò ti Ghana dé. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn káńtà ò tilẹ̀ ṣí ìwé wò mọ́. Ó ní, "Bàbá, kò tíì dé o." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin ní Sekondi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé wa lọ́dún 1969, wọ́n ní àjèjì ni wá. Mo rò pé, ó kéré tán, wọn ò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì mi. Ó jọ pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Ẹtì, 10
Olóore fún mi lówó ọkọ̀. Olóore ni mò ń pe Fàsásì, àbúrò mi, nínú ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti wà nílé rẹ̀ ní Pápá Àjàó — yàrá kan, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé àwọn ará ibẹ̀ yẹn. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́." Mo ní mo ti kọ̀wé sí Ethel. Ó ní ta ni Ethel.
Aládùúgbò mi ni ní Sekondi, opó ọ̀rẹ́ mi, tíṣà. Kì í purọ́, ì báà ṣe láti fi tu èèyàn nínú.

Ajé, 13
Òjò. Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́bọ̀, 16
Saidat, ìyàwó Olóore, gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi. Mo rojọ́ fún un. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kìíní, mo ní láti fi ìwé ránṣẹ́ sí Ghana pé n kò tíì kú. Lèmọ́mù wa ló máa ń fọwọ́ sí i, Olóore ló máa ń bá mi mú un lọ sí pósítì bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ní stọ́ọ̀ ìjọba ní Ìjọrà. Mo ní kí ló wá kù tí n kò ṣe? Saidat ń wo ilẹ̀. "Bàbá Ghana, ẹ jẹun, kó má tutù." Mo rò pé òun àti ọkọ rẹ̀ ló jà.

Ọjọ́rú, 29
Lẹ́tà Ethel dé.
Ó lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀. Ó jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó mú fáìlì mi jáde. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e. Tìrìmísíyù Àkàngbé, ó kú ní Èkó, 15 Oṣù Kejìlá, 1973. Lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ láti Èkó, ẹnì kan ń bèèrè owó tó tọ́ sí ajogún mi. Wọn ò tíì san án. Ethel da orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni náà kọ. Ó bi mí pé, "Ta ni Fàsásì?"
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 30
Mo wá ìwé ìrántí ti èṣí jáde. Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejìlá. Ohun tí mo kọ rèé: "Olóore mú mi lọ sí Tẹ́júoṣó, ó ra bàtà fún mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò lè tẹ̀ ba, òun ló bẹ̀rẹ̀ tó so okùn rẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn. A jẹ súyà. A rẹ́rìn-ín títí."
Ọjọ́ tí mo kú nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹfà
Lẹ́yìn ìrun Àsárì mo gbé lẹ́tà Ethel síwájú Fàsásì ní pálọ̀. Kò sẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé lásán ni. Ṣé ẹ kú ni?" Ó ní owó tó ń kán tó-tó-tó lóṣooṣù ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, pé bí wọ́n bá san án lápapọ̀ yóò ran gbogbo wa lọ́wọ́, òun á fi kọ́ ilé yìí sókè, yàrá méjì nínú rẹ̀ á jẹ́ tèmi.
Mo ní ìwé tí mo fún un nínú oṣù kìíní ńkọ́. Ó ní, "Mo fà á ya."
Ó wá gbójú sókè. "Nígbà tí bàbá wa kú l'Ógbómọ̀ṣọ́, ta ló sin wọ́n? Èmi nìkan ni. Tẹligíráàmù lẹ fi ránṣẹ́ láti Sekondi."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí òkú. Òun, alààyè ló sin.

Àìkú, 2
N kò jẹ oúnjẹ wọn. Mo ra búrẹ́dì.

Ajé, 17
Ìwé dé láti ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn; Ethel ti sọ fún wọn pé n kò kú. Wọn óò dá owó mi padà bí mo bá lọ búra ní kóòtù pé mo wà láàyè, tí mo sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ìkẹrin: ta ló kọ̀wé pé o kú, ǹjẹ́ o mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní orúkọ inú lẹ́tà nìkan kò tó ẹ̀rí; bí mo bá jẹ́rìí sí i ni àwọn yóò fi orúkọ ẹni náà tó ìjọba Nàìjíríà létí.

Ìṣẹ́gun, 18
Saidat kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán; ó ti rí ìwé náà nígbà tó ń gbálẹ̀ yàrá mi. Ó ku oṣù mẹ́wàá péré kí Fàsásì fẹ̀yìntì ní Ìjọrà. Bí orúkọ rẹ̀ bá dé etí ọ̀gá, wọn óò lé e, pẹ́ńṣàn tirẹ̀ náà á lọ. "Bàbá Ghana, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò mọ ẹni náà. Nítorí àwọn ọmọ."
Mo bi í bóyá ó mọ̀ sí i. Ó bú sẹ́kún. Ó mọ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ wá, tó ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 20
Kóòtù ní Yábàá. Akọ̀wé gbé Kùránì fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ búra pé ẹ wà láàyè." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.
Mo kọ ìkíní, mo kọ ìkejì, mo kọ ìkẹta. Nídìí ìkẹrin mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ro ti àwọn ọmọ. Mo ro ti bàbá wa tí n kò sin. Gbólóhùn kan péré ni Saidat bẹ̀ mí fún: n kò mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo pọn ọ́n ní Sekondi kí bàbá wa tó mú un wálé. Ta ni mo tún mọ̀ láyé yìí, bí n kò bá mọ̀ ọ́n?
Mo kọ ọ́: Mo mọ̀ ọ́n. Fàsásì Àkàngbé ni. Ọmọ ìyá mi ni.
Mo jù ú sí pósítì kí ọkàn mi tó yí padà.

Ẹtì, 21
Fàsásì wọlé tọ̀ mí wá kó tó lọ sí Jímọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kọ ọ́?" Mo ní mo kọ ọ́. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé. Èjìká rẹ̀ ń kan tèmi. N kò nawọ́ sí i, n kò sì sún kúrò. Nígbà tó dìde, ó fi etí agbádá nu ojú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ẹ̀gbọ́n," bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.
Mo ti rí yàrá kan ní Ìdí-Òro. Mò ń di ẹrù.