Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Torí Rẹ̀ Jà

                                        Ojúlé kejìlá, òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti jẹ́ kó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́, èyí tó ń yọ eyín tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé? Bá mi kí màmá ọkọ rẹ, kó o sì sọ fún wọn pé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n hun fún mi ni mo fi bo ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ara tèmi náà ti ń mókun, àfi apá òsì mi tí wọ́n ṣì fi báńdéèjì wé. Ọ̀rọ̀ apá yìí ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí òun gan-an ni èsì ìbéèrè tó o bi mí.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè rà, kó o lè fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, èmi náà ń wá ọ̀kan. Èyí tí mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn lọ́yà ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kó tó kú, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ débi pé aládùúgbò mi ń bi mí pé ṣé mo ra ẹ̀rọ ìlọta ni.

Mo mọ ohun tí mò ń wá. Kíbọọ̀dù rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e tí iná bá lọ. Mi ò fẹ́ èyí tí ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí ń yí gbirigbiri nínú, irú tuntun tó ń tètè jí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n owó mi kò ká èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, àlòkù ló bá àpò mi mu.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mi ò ní dá lọ. O mọ̀ ọ́n: jórinjórin ni, apá rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì máa ń tètè ru. Ó ní wọ́n á rí i pé obìnrin ni mí, wọ́n á sì rẹ́ mi jẹ.

Ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ ṣe tóóró, tábìlì kún ọ̀tún kún òsì, kọ̀ǹpútà là sílẹ̀ lórí gbogbo wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tajà níbẹ̀, orúkọ yẹn sì yẹ ẹ́. Gbogbo èyí tó kọ́kọ́ fi hàn mí ló ní àbùkù. Ìgbà tó rí i pé mi ò ṣeé tàn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì. Mo yọ ṣájà rẹ̀, kò kú. Mo ṣí i, mo pa á dé, ìdè rẹ̀ kò mì. Mo tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìka mi ń sáré lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iye tó pè é sì bá mi lára mu. Ojú rẹ̀ gbé àwòrán obìnrin kan tó wé ìborùn aláwọ̀ òféèfèé, tó gbọ́mọ mọ́ra, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta nìyẹn.

Ó ní, “Ìyàwó àbúrò mi ni. Òun ló lò ó tẹ́lẹ̀. Màá pa á rẹ́ fún yín.”

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń dúnàá dúrà ni ọkùnrin kan wọlé. Ó rù hángógó, ẹ̀wù rẹ̀ dọ̀tí. Ó ń wo tábìlì kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí èyí tó wà níwájú mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbá a mú, ó ní, “Tèmi nìyí.” Ó fà á, èmi náà fà á, ìgbọ̀nwọ́ mi sì gbá etí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé àpótí onírin tí mo jókòó lé tẹ́lẹ̀, ó sì là á mọ́ ọn lójú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Ọkùnrin náà ṣubú sáàárín àwọn ṣájà, ẹ̀gbọ́n mi tún là á mọ́ ọn léjìká, ó tún là á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn, mo ń bẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n mí dànù bí ìgbà téèyàn gbọn omi kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu ẹni tó wà nílẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀, ìka ló ń nà sí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, “Ìyàwó mi nìyẹn. Àwọn tó jà wá lólè gún un lọ́bẹ.”

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró lókè pẹ̀lú àpótí náà. Mo wo Ẹlẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ mi láti gba kọ̀ǹpútà, mo bá gbá a mọ́yà, n kò mọ ohun tó gbé e sí mi lọ́kàn. Ó fa ọ̀bẹ tó fi ń já wáyà yọ, ó gún mi lápá, ó tún gún apá náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ mọ́ gíláàsì kọ́ńtà, gíláàsì náà sì wọ̀ ọ́ lára láti ọrùn dé ìdí. Bí kì í bá ṣe àwọn ará òpópónà tó ya wọlé ni, ì bá pa á. Ọlọ́pàá kó ẹ̀gbọ́n mi àti Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́wọ́ pé òun ń ra ẹrù olè, ó sì dárúkọ àwọn tó tà á fún òun.

Ọkùnrin tó ni kọ̀ǹpútà náà ti pàdánù ojú kan. Wáyà ni wọ́n fi so àgbọ̀n rẹ̀. Ọsibítù tó wà níwájú ilé mi yìí náà ni ìyàwó rẹ̀ wà, wọ́n rán ikùn rẹ̀.

Màámi wá, wọ́n ní kí n sọ fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Lọ́yà tí mò ń tẹ ìwé fún ní ìyẹn á gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sọ láti àtìmọ́lé pé, “Àbúrò mi, torí tìẹ ni mo ṣe jà.” Òtítọ́ sì ni.

Mo lọ kí obìnrin náà. Ó rẹwà ju bó ṣe rí nínú àwòrán lọ, ṣùgbọ́n kò lè dìde jókòó. Ó bi mí pé, “Ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀? Ṣé ọkọ mi lù ọ́?” Mo ní rárá. Ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n bi mí ní tésàn, tí ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, “Kò lù mí. Ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lu èèyàn.” Ọlọ́pàá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, “Bó ṣe sọ ọ́ ló rí.” Wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé títí ẹjọ́ á fi dé kóòtù. Láti ìgbà náà, Màámi máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n á sì bá tiwọn lọ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, yẹ kíbọọ̀dù wò, yẹ bátìrì wò, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín, má sì gba èsì tó bá kàn yá jáde lẹ́nu. Lọ síbi tí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ti ń ta àwọn tí wọ́n ti lò, tí wọ́n á fún ọ ní rìsíìtì. Ibẹ̀ ni mo ti ra tèmi níkẹyìn. Ó wúwo, igun rẹ̀ kan ti sán, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jí. Mò ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́.

Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójoojúmọ́. Ó máa ń jẹ ẹ́ tán láìwò mí lójú. Lánàá, ó dédé bi mí pé ṣé ọkùnrin yẹn ti ń jẹun. Mo ní ohun olómi ni wọ́n ń fún un, ọ̀pá róbà ló fi ń fà á. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó sì rọra ti abọ́ náà padà sọ́dọ̀ mi.

Kí gbogbo ilé fún mi, kó o sì fẹnu ko ọmọ wa lẹ́rẹ̀kẹ́. Kọ̀wé sí mi, ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Tìẹ ni mo ṣì jẹ́,
Adúmáadán.