Gáfárà, Bàbá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìwé Rọ́fíátù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú òógùn ojú, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa. Ìyá Rọ́fíátù tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ni ẹlẹ́rìí mi, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ikùn mi ò jẹ́ kí àyà mi kanlẹ̀ mọ́. Mo kí Ìyá mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ìyàwó ilé. Mo kí àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ìlà kankan o, pàápàá ìlà tó bá fẹ́ bí yín nínú.

Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àwa Yorùbá tó wà níbí pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin wà nínú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Dublin. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Ohun tí ẹ sọ lórí fóònù lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹ ní kí n yọ Rọ́fíátù kúrò nílé ìwé gíga tó wà, pé ilé ìwé tó bá ń kọ́ ọmọ láti máa bá olùkọ́ jiyàn, àfojúdi ló ń kọ́ ọ. Mo dáhùn pé mo gbọ́. Bàbá, mo ní mo gbọ́ ni, mi ò sọ pé mo gbà.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe wà. A wà dáadáa. Òjò ibí ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ̀ kí wọ́n dá. Wínníwínní ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tí kò mọ ohun tó wá ṣe. Ẹ̀yin ì bá ti bú u. Iṣẹ́ pọ̀ nílùú yìí lásìkò yìí, ibi tí èèyàn bá yíjú sí, ilé tuntun ni wọ́n ń kọ́. Ohun tó máa ń ṣe mí bí ìdánìkanwà kò ju pé kò sẹ́ni tó ń ṣàdédé yà kí èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ pè láti bèèrè bóyá àwọn lè wá. Bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ Jímọ̀ ní mọ́sálásí, ǹ bá ti gbàgbé bí a ṣe ń kí èèyàn pẹ́.

Ilé ìkẹ́rùsí tó wà létí òkun, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, ni mo ṣì wà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni mò ń tì. Bí mo bá ti ń tì í bọ̀, mo máa ń pariwo gáfárà, ẹ gáfárà, bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ru iṣu wọ ọjà, kí àwọn tó wà níwájú lè yà fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n rò pé orúkọ mi ni mò ń pè. Pádì, ará ibí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń pè mí ní Gáfárà fún ìgbà pípẹ́ kó tó mọ̀ pé Ràímì ni mí. Ní báyìí òun náà ń pariwo rẹ̀ bó bá ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti gbà á ju ti àwọn ọmọ tí a bí síbí lọ.

Ó wá di ọjọ́ tí ilé ìwé Rọ́fíátù ní kí àwọn òbí wá wo bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ. Mo wọ agbádá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Blanchardstown, àdúgbò tí à ń gbé. Yàrá àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wa wọ̀ tóbi, àwọn àga ibẹ̀ ń gun òkè bí àtẹ̀gùn. Olùkọ́ kan tí irun rẹ̀ ti funfun dúró nísàlẹ̀, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ dákẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Mi ò gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó sọ, àmọ́ ó dùn mọ́ mi, àfi bíi wáàsí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára, mo bá ké sókè pé ẹ ṣeun, òótọ́ ọ̀rọ̀, bí a ti ń dáhùn ní wáàsí. Gbogbo yàrá yíjú wò mí. Rọ́fíátù fi ìwé bojú. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ò tíì dá òun lóhùn rí.

Yàrá kejì ló bí mi nínú. Ó kéré, wọ́n sì to àga yípo. Olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọdé ni lójú mi, ó jókòó sáàárín wọn bí ẹgbẹ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pè é. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọkùnrin kan ní òun ò gbà. Ọmọbìnrin kan ní ohun tí àwọn méjèèjì sọ ò tọ̀nà. Inú olùkọ́ wá ń dùn! Rọ́fíátù nìkan ló dákẹ́, ó tẹrí ba bí mo ti kọ́ ọ. Mo délé, mo pè yín, mo ròyìn fún yín bí mo ti rí i. Ibẹ̀ lẹ ti ní kí n yọ ọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé dídákẹ́ yẹn gan-an ló fẹ́ ba ti ọmọ náà jẹ́. Máàkì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ. Olùkọ́ obìnrin yẹn pè é, ó ní ohun tó ń kọ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, bí sáà bá sì parí báyìí, yóò fìdí rẹmi. Rọ́fíátù sunkún wálé. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní olùkọ́ ju òun lọ, báwo lòun ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó ju òun lọ kí òun ní òun ò gbà. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. Ẹ mọ irú ojú yẹn.

Bàbá, ẹ mọ̀ pé mo lórí kunkun, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ mi fìdí rẹmi nítorí ẹ̀kọ́ tí èmi fún un. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá ti jókòó ti oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú, ó gbọ́dọ̀ bá mi jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ní kí wọ́n lọ rò wá la fi bẹ̀rẹ̀: èwo ló dára jù, kí olùkọ́ nìkan máa sọ̀rọ̀ ni, àbí kí gbogbo kíláàsì jọ máa jíròrò? Mo ní lẹ́kíṣọ̀ ló dára, ẹni tó mọ̀ ni kó sọ̀rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ní òjò Dublin dára fún iṣu ju òjò Ìsẹ́yìn lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ní èmi nìkan ni màá jẹ gbogbo ẹran inú ìkòkò. Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò wá!

Nígbà tó sú mi, mo ní ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ò níyọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Rọ́fíátù wò ó, ó wò mí, ó ní gáfárà, Bàbá, ẹ má bínú, bí ọbẹ̀ ò bá níyọ̀, kí ló dé tí abọ́ yín mọ́ tónítóní báyìí? Ìyá rẹ̀ hó yèè, ó fò mọ́ ọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹ ò rí i pé kò bú mi. Ó kàn tọrọ ọ̀nà kó tó kọjá ni, bí èmi ti ń ṣe pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Bí ẹnu rẹ̀ ṣe là nìyẹn. Ó ní nínú lẹ́kíṣọ̀, òun ń gba ohun tí olùkọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn bá ń jíròrò lòun tó ń rí ohun tí òun fúnra òun ò mọ̀. Ó ní ohun tí òun bá kàn kọ sílẹ̀ máa ń fò lọ, àmọ́ ohun tí òun bá jà fún kì í kúrò lórí òun. Mo ní ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi jíròrò bí kò ṣe ariwo lásán? Ó rò ó, ó ní èmi ni mo jàre níbẹ̀, lẹ́kíṣọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní àbí o ò rí i? Ó ní ṣùgbọ́n gáfárà, Bàbá, mi ò sọ pé kó máa dá lọ. Oúnjẹ tutù níwájú wa.

Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, olùkọ́ ní lójú ti òun, ìjíròrò ló dára jù nígbà gbogbo. Rọ́fíátù fẹ́ fi èdè ibí sọ̀rọ̀, gáfárà ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ń retí rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tí a máa ń sọ nìyẹn bí a bá fẹ́ gba iwájú èèyàn kọjá. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò gbà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ títí aago fi lù. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ní kíláàsì yẹn tí kì í kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, títí kan olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ ń fi tọrọ àyè láti lọ ilé ìgbẹ́. Èsì ìdánwò ti jáde, Rọ́fíátù yege. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀, ó ní grand ni, Bàbá. Ohun tí wọ́n ń sọ níbí nìyẹn bí nǹkan bá dáa.

Bàbá, nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń kọ́ wa bí a ti ń kọ ebè. A dákẹ́, a sì mọ ebè kọ. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ̀yin àti Bàbá Àlàó, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, á dúró sí ààlà náà. Ẹ̀yin á ní ká gbin àgbàdo, òun á ní ká dúró. Ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀ han ara yín, ẹ ó máa pe ara yín ní olóríkunkun. Níbẹ̀ ni mo ti mọ òjò. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú mi wọ kíláàsì ìjíròrò, èmi ni mi ò kàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí. Gáfárà, Bàbá. Ẹ má bínú. Mi ò gbà. Rọ́fíátù ò ní kúrò nílé ìwé náà.

Irun orí mi ti funfun, mi ò sì tíì sọ irú rẹ̀ fún yín rí. Ìyá Rọ́fíátù ti gbé bírò sókè, ó ń wò mí bóyá kí òun kọ ọ́ lóòótọ́. Mo ní kó kọ ọ́.

Bí ẹ̀yin náà ò bá gbà, ẹ pè wá lọ́jọ́ Àìkú. Rọ́fíátù ni yóò gbé fóònù, ó ti ń múra sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Àlàó jókòó tì yín, nítorí ẹ máa nílò rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn, agbára yín ò ní tán lórí ilẹ̀ yẹn, òjò tó bá rọ̀ á bá yín ní àsìkò. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará oko, ẹ kí Ìyá mi kó dà bíi pé èmi fúnra mi ni mo kí i.

Èmi ni ọmọ yín tó jogún orí kunkun yín,
Ràímì.